Báwo ni ẹni tí kò kọ ìwé rí ṣe ń parí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ rẹ̀?

Òǹkàwé-Alẹ́ (ìbéèrè)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé àti ẹ̀yin tí a jọ fẹ́ràn ìwé. Ó ti pẹ́ tí ìtàn kan ti wà lọ́kàn mi. Obìnrin kan gbọ́ pé bàbá òun, tí wọ́n ti sọ fún òun láti kékeré pé ó ti kú, ṣì wà láàyè ní ìlú mìíràn, ó ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ó sì ti bí àwọn ọmọ mìíràn. Mo mọ bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mo mọ ibi tí yóò parí sí, mo sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí oorun má sì kun onítọ̀hún. Àmọ́ bí mo bá ti mú kálámù, orí kìíní nìkan ni mo máa ń rí kọ. Màá kọ ọ́, màá kà á, ojú á tì mí, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Orí kejì kò tíì ju ìdajì ojú ewé lọ rí.

Kì í ṣe bí a ṣe ń rí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ni mo ń béèrè, nítorí ìyẹn ṣì jìnnà sí mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ìwé àkọ́kọ́ yín parí sọ fún mi ni bí ó ṣe di ìwé. Ṣé ẹ dúró de ìmísí ni, àbí ńṣe ni ẹ kọ́kọ́ to gbogbo ìtàn náà sílẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ó pẹ́ tí ẹ ti ń rò ó kí ẹ tó máa kọ ọ́. Kí ló wá yí padà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwúrí nìkan dá mi lóhùn. Ohun tí ẹ ṣe gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Akọ̀wé-Kóòtù

Ẹ kú àárọ̀ o, Òǹkàwé-Alẹ́. Ìwé kan ṣoṣo ni mo tíì kọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti àgbà, ṣùgbọ́n ìwé náà parí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo ń ṣe nígbà náà. Ojúṣe mi ni kí n kọ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí yóò ṣàkíyèsí pé ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ohun tí yóò sọ máa ń sọ ọ́ létòlétò, láìkọsẹ̀, bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ máa ń padà sẹ́yìn. Yóò ní, “Rárá o, mo gbàgbé, òjò ti ń rọ̀ kí ó tó wọlé.” Yóò dákẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí, yóò sì máa ṣàpèjúwe ohun tí adájọ́ kò bi í, bóyá àwọ̀ bàtà tí ẹni náà wọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀nà ìsọ̀tàn, kì í ṣe ní kíláàsì kankan.

Ìtàn tí mo fẹ́ kọ jẹ mọ́ fáìlì kan tí ojú ewé kan sọnù nínú rẹ̀, tí ẹnìkan sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Bí mo ṣe kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: “Ní ọjọ́ kan, ojú ewé kan sọnù nínú fáìlì ẹjọ́ kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó gbà.” Kò sí ohun tó ṣe gbólóhùn yẹn, àmọ́ a kò mọ ẹni tí ó ń sọ ọ́, kò sì sí ìdí tí òmíràn fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó yá ni mo kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó ilé: “Èmi ni mo yọ ojú ewé náà. N kò jó o, n kò ya á. Inú àpótí mi ni ó wà, lábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mi, títí di òní.” Láti ibẹ̀ lọ, wíwá ohun tí màá kọ dópin, nítorí akọ̀wé inú ìwé yẹn ní ẹjọ́ láti rò, ẹnu rẹ̀ sì ń yára ju ọwọ́ mi lọ. Ó ní láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi yọ ojú ewé náà, ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́, owó tí ó gbà tàbí tí kò gbà, àti ìdí tí kò fi dáná sun ún kí ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn yẹn nìkan gbà mí ní orí mẹ́rin, kò sì dá mi lójú pé mo dáhùn rẹ̀ tán.

Ohun kejì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó béèrè ohun tí ó ń mú mi jí ní kùtùkùtù, mo sì ka orí kìíní fún un lórí fóònù. Ó ní kí n ka ìyókù. Mo ní kò tíì sí ìyókù. Ó ní ó dáa, òun yóò pè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó ń bọ̀ láti gbọ́ ọ. Ó sì pè lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà rẹ̀, bí n kò bá sì ní nǹkan kan láti kà fún un, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí mi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo kà fún un ni ó wọ inú ìwé. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí mo yọ dànù lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìpè rẹ̀ yẹn, orí kẹta ni ìwé mi ì bá kú sí.

Olùkọ́-Lítíréṣọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé-Kóòtù, nítorí ohun tí ó sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mu. Bí a bá wo bí àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó lókìkí ṣe wáyé, ìmísí lè bẹ̀rẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ òun ni ó gbé wọn dé òpin. Ohun tí a máa ń bá níbẹ̀ ni ẹnìkan tàbí nǹkan kan tí ó ń béèrè ìyókù ìtàn lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Ẹ wo ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ni ó kọ ọ́. Kò jókòó kọ odindi ìwé tán kí ó tó gbé e síta. Lẹ́tà ni ó fi í ṣe, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn nínú ìwé ìròyìn náà láti ọdún 1929 wọ ọdún 1930, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni ó ń fi ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé padà nípa rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn lẹ́tà náà di ìwé. Ìwé ìròyìn kò lè sọ fún àwọn tí ó ń rà á pé kálámù olóòtú kò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà sì ti ní ohùn tirẹ̀ láti inú lẹ́tà kìíní. Nǹkan méjèèjì tí Akọ̀wé-Kóòtù ṣàlàyé ni ó pé síbẹ̀.

Ti D. O. Fágúnwà ńkọ́? Olùkọ́ ilé-ìwé ni. Ìdíje tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1936 ni ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1938. Ohun tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú ìwé náà pàápàá, ẹni tí ó mú kálámù kọ́ ni ó ni ìtàn. Àgbàlagbà kan ni ó wá bá a, tí ó ní kí ó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ sílẹ̀. Ta ni nínú àwa tí a ń kọ ìwé àkọ́kọ́ ni kò ní fẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn ni Agatha Christie ti ń ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti sọ fún un ṣáájú pé kò lè kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nítorí pé májèlé ni ó yí i ká lẹ́nu iṣẹ́, májèlé ni ó fi pa ẹni tí wọ́n pa nínú ìtàn náà. Nígbà tí ó dé àárín ìwé, gbogbo rẹ̀ sú u. Ìyá rẹ̀ ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lo àkókò ìsinmi rẹ̀ ní ibòmíràn láti fi parí rẹ̀. Ó lọ; ní òwúrọ̀ yóò kọ̀wé, ní ọ̀sán yóò máa rìn káàkiri nínú pápá, yóò máa sọ ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ fẹ́ bá ara wọn sọ jáde lẹ́nu. Àwọn atẹ̀wé mélòó kan kọ̀ láti tẹ ìwé náà jáde, ẹni tí ó sì gbà á níkẹyìn ní kí ó tún apá ìparí rẹ̀ kọ. Ọdún 1920 ni ó kọ́kọ́ jáde.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí ẹni ṣaájò wọn o. Ọkọ Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, dáná sun ìwé àfọwọ́kọ tí obìnrin náà kọ́kọ́ kọ. Ó fi ilé ọkọ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń dá tọ́ ọmọ márùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé ní yunifásítì, ó sì ń kọ nípa bí àwọn aláìní ṣe ń gbé nínú àwọn ilé tí ìjọba fi wọ́n sí. Ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn àkọsílẹ̀ náà jáde, àwọn ni ó sì di ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1972. Ìwé tí wọ́n sun ńkọ́? Ó tún un kọ, ó sì jáde ní ọdún 1976. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun kò lè kọ ìwé nítorí pé fáìlì òun sọnù nínú kọ̀ǹpútà, obìnrin yìí ni mo máa ń rántí, ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ síta, nítorí ọ̀rọ̀ náà lè dun onítọ̀hún.

Ìtàn kúkurú ni ìwé àkọ́kọ́ ti Toni Morrison, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ jẹ́. Ó kọ ọ́ láti kà fún ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé kan tí ó ń bá pé jọ. Ọdún púpọ̀ sì kọjá lórí rẹ̀, tí ó ń tọ́ ọmọkùnrin méjì tí ó sì ń ṣiṣẹ́ olóòtú, kí ó tó di ìwé ní ọdún 1970. Níbẹ̀ náà, àwọn kan wà tí wọ́n ń retí pé kí ó mú nǹkan wá.

Olóòtú-Ìwé

Mo kí Olùkọ́ fún àlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n já a níyàn díẹ̀. Ọjọ́ ìdíje àti òǹkàwé tí ń retí lè mú kí èèyàn parí ìwé. Wọn kò lè sọ fún un ibi tí ìtàn rẹ̀ wà. Nígbà Kérésìmesì ọdún 1956, àwọn ọ̀rẹ́ Harper Lee, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó kọ To Kill a Mockingbird, fún un ní owó tí ó lè fi gbọ́ bùkátà fún ọdún kan, kí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sì gbájú mọ́ ìwé kíkọ. Ó kọ ọ́ tán, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan sì gbà á. Síbẹ̀, olóòtú rẹ̀, Tay Hohoff, rí i pé àwọn ibi tí obìnrin inú ìtàn náà ti ń rántí ìgbà èwe rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù lọ. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi jọ tún un ṣe kí ó tó jáde ní ọdún 1960. Nínú èyí tí ó kọ́kọ́ kọ, asọ̀tàn kan tí kò sí nínú ìtàn ni ó ń ròyìn obìnrin náà nígbà tí ó ti dàgbà. Nínú èyí tí gbogbo ayé mọ̀, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ẹni tí ó ń sọ ìtàn yí padà, odindi ìwé sì yí padà tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyí tí n kò fi rò pé orí kìíní ni ìṣòro Òǹkàwé-Alẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé bí ẹ bá ń fẹnu sọ ìtàn náà, ó ń dùn, nígbà tí ẹ bá sì ń kọ ọ́, ojú ń tì yín. Bí ẹ bá ń fẹnu sọ ọ́, ohùn yín ni ẹ fi ń sọ ọ́. Bí ẹ bá mú kálámù, mo fura pé ńṣe ni ẹ ń fi ohùn náà sílẹ̀ tí ẹ sì ń wá ohùn “òǹkọ̀wé”. Ta ni ó ń sọ ìtàn bàbá yìí? Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin náà, òǹkàwé yóò máa bá a wá bàbá rẹ̀ kiri, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá ń lọ, nítorí náà ìdajì ìtàn yóò jẹ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ fún un, ẹ óò sì máa wá ọgbọ́n tí ẹ óò fi kó wọn pàdé. Bí ó bá jẹ́ bàbá, àṣírí ti tú láti ojú ewé kìíní, ohun tí a óò sì máa dúró dè ni ọjọ́ tí wọn yóò ká a mọ́. Ẹni kẹta tún wà tí ẹ kò dárúkọ. Ẹnìkan ni ó mú ìròyìn ikú náà wálé. Ta ni? Ṣé wọ́n tan òun náà jẹ ni, àbí ó mọ̀ pé irọ́ ni? Bí ó bá mọ̀, ó jókòó láàárín àwọn tí ń sunkún, ó ń gba “ẹ kú ará fẹ́ra kù” lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì ń wo bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà. Èmi yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹni yẹn ní í sọ ju ti àwọn méjèèjì lọ.

Ní ti ìbéèrè yín lórí títo ìtàn sílẹ̀: àwọn kan máa ń tò ó, àwọn mìíràn kì í tò ó, n kò sì tíì rí i kí ẹnikẹ́ni mọ ìyàtọ̀ nígbà tí ìwé bá ti jáde. Àmọ́ ẹ dẹ́kun àtúnkọ orí kìíní. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ ẹni tí kò kọ ìwé rí tí ó máa ń dé ọwọ́ mi, orí mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń dán gbinrin, nítorí wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí tí kò fi sí ìdọ̀tí lára rẹ̀ mọ́, àárín ìwé náà sì máa ń gbẹ, nítorí pé agbára ti tán kí wọ́n tó débẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ tún ṣe nínú orí kìíní, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn pé “bàbá gbọ́dọ̀ ní àpá lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀”, kí ẹ sì máa bá orí kẹrin lọ bí ẹni pé àpá náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí kìíní tí ẹ óò lò kò lè wà kí ẹ tó mọ orí ìparí. Bí ẹ bá ń kọ ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ ogójì yóò fún yín ní 60,000 ọ̀rọ̀, èyí tí ó tó ìwé. Ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ kò ju ojú ewé kan tí a tẹ̀ lọ.

Òǹkàwé-Alẹ́

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè Olóòtú nípa ẹni tí ó mú ìròyìn wálé kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Àbúrò bàbá náà ni. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, àmọ́ ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ ni mo fi ṣe nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ. Ní òwúrọ̀ yìí mo fún un ní kálámù, ohun tí ó sì kọ́kọ́ sọ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n mi kò kú. Èmi ni mo pa á, ẹnu ni mo fi pa á, owó ọkọ̀ tí ó fi lọ ni mo sì fi ra aṣọ ọ̀fọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí pé ó ṣẹ́ kù.” N kò tíì mọ bóyá ó dára, ṣùgbọ́n ó ti di ojú ewé mẹ́ta, n kò sì padà sórí rẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti sọ pé ó dára kí ẹnìkan máa retí ìyókù, ṣé kí n máa gbé orí kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí mo bá ṣe ń kọ ọ́, kí àwọn òǹkàwé lè máa dúró dè mí?

Olóòtú-Ìwé

Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn atẹ̀wé kan àti àwọn ìdíje kan kì í gba ìwé tí ó ti wà níta fún gbogbo ayé láti kà, nítorí náà ẹ ka òfin wọn ná. Èkejì, bí èrò bá pọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ orí kìíní.

Akọ̀wé-Kóòtù

Mo fara mọ́ ohun tí Olóòtú sọ. Ẹnìkan ṣoṣo tó, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn, tí kò sì bẹ̀rù láti bá yín wí. Ẹ má bi í bóyá ó dára, nítorí yóò ní ó dára. Ohun tí mo máa ń bi ẹ̀gbọ́n mi ni pé, “Kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e?” Bí ohun tí ó sọ bá jẹ́ ohun tí mo ti fẹ́ kọ gan-an, mo máa ń wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Bí ó bá sì sọ pé òun kò bìkítà nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, mo máa ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti sú u, màá sì fi àmì síbẹ̀ títí di ọjọ́ àtúnkọ. Ní ti aṣọ ọ̀fọ̀ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìyàwó náà mọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá?

Òǹkàwé-Alẹ́

Kò tíì mọ̀. Orí kẹfà ni mo rò pé yóò mọ̀, láti ẹnu ẹni tí ó ran aṣọ náà.